Ìbéèrè Tí Ìyá Mi Bi Mí Nípa Jésù

Òórùn kánfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ìyá mi dùbúlẹ̀ sí ní Ìfọ́n, lẹ́yìn náà ni òórùn òrí tí mo máa ń yọ́ láàárọ̀ láti fi ra wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú, awọ wọn ń dán, tí mo bá sì fi ìka tẹ ibì kan, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún padà. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Òṣogbo ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkàn wọn ti rẹ̀ kọjá ohun tí oògùn lè ṣe sí i, pé kí n gbé wọn lọ sílé, kí n sì máa wá bí ara á ṣe tù wọ́n. Mo gbé wọn wá sínú ilé tí bàbá mi kọ́ kí wọ́n tó kú. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú wa àti Ìlobù, tí ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ìwọ náà mọ bí ìlú méjèèjì ṣe sún mọ́ra tó. Àmọ́ ní àwọn ọjọ́ yẹn, ọ̀nà kékeré tó wà láàárín wọn jìn sí wa ju Èkó lọ.

Ọmọ Ìlobù ni ìyá mi. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí wọn, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní kéú. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ Ìfọ́n, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Nígbà tí ìyá mi kọ̀ jálẹ̀ pé bàbá mi ni àwọn máa fẹ́, tí wọ́n sì bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà sọ pé òun kò fẹ́ fojú kan wọn mọ́, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà wá kírun nínú ilé òun. Ìyá mi rò pé inú ìyá àgbà á rọ̀. Ọdún Iléyá kan kọjá, wọ́n ní tó bá di èyí tó ń bọ̀, àwọn á lọ kúnlẹ̀. Òmíràn kọjá. Nígbà tí oyún mi wà nínú wọn ni ìyá àgbà ṣubú lójijì, ó sì kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ọjọ́ kejì ni ìròyìn dé Ìfọ́n. Mo mọ ìtàn yìí láti kékeré, àmọ́ bí ènìyàn ṣe ń mọ ìtàn ilé ni mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń gbé e kiri.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ lórí páànù, mò ń fi òrí ra wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n la ojú, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Bíbélì, sọ fún mi kí n gbọ́. Ṣé Ọlọ́run ni Jésù, àbí wòlíì ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ìyá ìjọ ni wọ́n, àwọn ló kọ́ mi ní àdúrà tí mo kọ́kọ́ mọ̀. Ìgbà tí mo wo ojú wọn ni ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi.

"Tó bá jẹ́ wòlíì ni," wọ́n ní, "a jẹ́ pé mo fi ìyá mi sílẹ̀ nítorí ènìyàn bíi tèmi. Mo fẹ́ mọ̀ dájú."

Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi dùn díẹ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo lọ mú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó fún wọn. Mo ní Jésù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti wà kí wọ́n tó bí Ábúráhámù, àwọn tó gbọ́ ọ sì he òkúta láti sọ lù ú, nítorí ohun tó sọ yé wọn. Mo ní Tọ́másì pè é ní Olúwa àti Ọlọ́run, kò sì bá a wí, bẹ́ẹ̀ Pétérù ò gbà kí ẹnikẹ́ni wólẹ̀ fún òun, ó ní ènìyàn lòun. Mo sọ ti òkun tó pàṣẹ fún, tó sì pa rọ́rọ́. Mo sọ ti ibojì tó ṣófo, àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn tó ti sá pamọ́, tí wọ́n wá jáde láti kú nítorí pé wọ́n rí i láàyè.

Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n wá bi mí pé tó bá jẹ́ Ọlọ́run, ta ló ń gbàdúrà sí nínú ọgbà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un? Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Baba àti Ọmọ, mo ní ó gbé ara ènìyàn wọ̀, ènìyàn a sì máa gbàdúrà. Wọ́n ní kí ló dé tó fi ní òun ò mọ ọjọ́ tí òun á padà wá? Mo tún ṣàlàyé ìyẹn.

"O ní ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀," wọ́n ní. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Mo wá gbé èyí tó máa ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu mọ́ kalẹ̀. Mo ní ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run, òpùrọ́ ni, tàbí wèrè, tàbí kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, Jésù kò sì jọ òpùrọ́, kò jọ wèrè. Ìyá mi bi mí pé báwo la ṣe mọ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé àwọn yẹn ti gbà á gbọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá a lọ báyìí. Mo pe pásítọ̀ wa lórí fóònù, wọ́n ní kí n sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má gbà kí èṣù gbin iyèméjì sí wọn lọ́kàn. Mo wá àwọn ìwàásù lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, mo gun orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí n lè rí i gbà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni mímí wọn ń kúrú sí i. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbéèrè yẹn lẹ́nu, ẹ̀rù náà sì di ìbínú. Ní ọjọ́ kẹta, mo jágbe mọ́ wọn. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kú láìgbàgbọ́ ni?"

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ikú nínú ilé yẹn. Mo dúró sójú kan, abọ́ òrí wà lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní ó ti tán. Ìgbà tó yá, wọ́n ní, "Bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi."

Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò ni ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìlobù. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ìbẹ̀wò wọn bà mí ju ẹ̀rù àìsàn náà lọ. Àmọ́ mo pè wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ní wákàtí díẹ̀ tí ìjọba yọ̀ǹda fún àwọn ènìyàn láti jáde, ẹsẹ̀ ni Bàbá Lèmọ́mù fi rìn wá, nítorí kò sí ọlọ́kadà tó gbà láti gbé ọmọ Ìlobù wọ Ìfọ́n. Àwọn ṣọ́jà dá wọn dúró lẹ́ẹ̀mejì. Aládùúgbò wa kan tó dá wọn mọ̀ ló bá wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹrẹ̀ ti ta sí jálàbíà funfun wọn dé orúnkún. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò sì tíì dìde tí mo fi bẹ̀ wọ́n pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn."

"Ó dára," wọ́n ní. "Àmọ́ tó bá bi mí, mi ò ní parọ́ fún un."

Wọ́n wọlé, wọ́n di ọwọ́ àbúrò wọn mú. Wọ́n bá ara wọn kí títí, wọ́n béèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti kú àti àwọn tó wà láàyè. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n bi mí. Bàbá Lèmọ́mù wò mí kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni àwọn gbà pé Ànábì Ísà jẹ́, pé ìyá mi náà mọ̀ pé ohun tí àwọn gbà gbọ́ nìyẹn, àwọn ò sì lè yí i padà nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Ìyá mi mirí pé àwọn gbọ́. Ó dà bíi pé kì í ṣe ìyẹn gan-an ni wọ́n pè wọ́n wá fún.

"Ìyá wa ńkọ́?" wọ́n ní. "Ṣé wọ́n dárí jì mí?"

Bàbá Lèmọ́mù rọra tẹ ọwọ́ tí wọ́n dì mú. "Wọn ò dárúkọ rẹ mọ́ títí wọ́n fi kú. Mi ò mọ ohun tó wà nínú wọn."

"Ẹ̀yin ni àkọ́bí wọn. Ẹ bá wọn dárí jì mí."

Bàbá Lèmọ́mù ní, "Tèmi, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Tiwọn, mi ò lè ṣe é. Kò sí ènìyàn tó lè bá wọn ṣe é. Àdúà nìkan ni mo lè bá ọ ṣe." Wọ́n sì ṣe é, omijé ń bọ́ sórí irùngbọ̀n wọn, títí àkókò fi tó tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Ìyá mi kò jẹun. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti pẹ́ jù. Mi ò jiyàn mọ́. Mo kàn ń ka Bíbélì sókè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí yàrá má baà dákẹ́, mi ò yan ibì kan. Bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo kan ìtàn arọ tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin dá òrùlé lu, kí wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú Jésù. Ibi tí Jésù ti sọ fún un pé ó ti rí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ gbà ni ìyá mi ti la ojú.

"Kí ni arọ yẹn ṣe fún Jésù?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún un, Màámi. Wọn ò pàdé rí."

"Ta ló wá ṣẹ̀?"

Mo ní a ò mọ̀, bóyá ìyàwó rẹ̀, bóyá aládùúgbò rẹ̀.

"Bóyá ìyá rẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n ń wá èémí. "Jésù ò sì bi ìyá rẹ̀ léèrè kó tó dárí jì í."

"Kò bi í."

"Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, wọ́n sì kọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn láti dárí rẹ̀ jì. Ọkùnrin yìí wá dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ ẹlòmíràn jì. Àfojúdi gbáà ni. Àfi tó bá jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ṣẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé mi. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó lọ́pọ̀ ìgbà, pé ẹni tí a ṣẹ̀ nìkan ló lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ náà jì, pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run la ṣẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì bẹ́ẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run. Mo máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀ ni, nítorí àwọn ọmọ kì í béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, kí n fi kún un, àmọ́ mo pa ẹnu mi mọ́.

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni," ìyá mi ní. "Àmọ́ tí kì í bá ṣe òótọ́, mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Gbé mi dìde."

Mo fi ìrọ̀rí gbé wọn ró. Wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n ní, "Jésù, ìyá mi ni mo ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ọ́ lóòótọ́, dárí jì mí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà. Wọ́n gba ẹ̀kọ ṣíbí méjì lọ́wọ́ mi, wọ́n sì sùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò sí i. Mi ò ní sọ fún ọ pé ẹ̀rù tán lára wọn, nítorí ní ọjọ́ kejì wọ́n bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní mo gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni àwọn béèrè. Mo rántí ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ìlobù tí kò parọ́ fún wọn, mo ní, "Kò dá mi lójú bó ṣe dá mi lójú pé ilẹ̀ ti mọ́, Màámi. Àmọ́ òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ni wọ́n kú.

Bàbá Lèmọ́mù wá síbi ìsìnkú. Wọ́n jókòó síta ní gbogbo àkókò ìsìn, nígbà tí a dé etí sàréè, wọ́n wá dúró tì mí. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn tú ká, wọ́n bi mí ní ohun tí àbúrò wọn sọ kẹ́yìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sọ ti arọ, mo sọ àdúrà náà, mi ò yọ ohunkóhun kúrò. Wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀ pupa náà títí.

"Ẹ̀sìn wa kò gbà bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n tún ní, "Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Mo ṣe àmín.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ. Tí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, mo ṣì ń kọ gbogbo ẹ̀rí náà sójú pátákó, nítorí mo gbà wọ́n gbọ́, mo sì rò pé wọ́n lágbára. Àmọ́ mo ti jáwọ́ nínú fífi wọ́n pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ìyá mi ti dé ibì kan tí ọmọ wọn, pásítọ̀ wọn, àti ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn wọn kò lè bá wọn dé, wọ́n sì ké pe ẹnì kan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ènìyàn bíi tiwa ni ẹni náà, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Mo máa ń rò ó tí mo bá dá jókòó, àyà mi a sì já. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún ara mi, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀, pé ó gbọ́ wọn.