Ohùn tí mo gé dànù

Mo ru ẹran ní ibi ìpẹran Oko Ọba, mo sùn sábẹ́ káńtà, mi ò kọjá ìwé mẹ́ta. Lónìí, èmi náà ń to orin pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀!

Láàárọ̀ yìí, mo fa orin inú kásẹ́ẹ̀tì tí mo ká nílé, tí mo ń tà láyé ọjọ́un, sórí kọ̀ǹpútà. Mo gé gbogbo ọ̀rọ̀ àárín orin dànù, ó dán. Mo pa èyí tí mi ò gé rẹ́, mo dáná sun kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi, Ṣẹrífá, gbọ́ ọ.
"Bàbá, Màámi dà? Àwọn ló máa ń sọ láàárín orin pé, 'Ẹ yí kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn.'"
"Ariwo nìyẹn. Mo ti gé e."
"Ariwo kẹ̀? Bàbá!" Ó bú sẹ́kún.

Ìyàwó mi, ìyá Ṣẹrífá, ti kú. Kò sí ohùn rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ̀yin oníbàárà mi àtijọ́, ta ló ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn? Ẹ dá mi lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá máa kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé ní Ìfakọ̀ tí mo ti ń tà á.