Ẹ Bọ́ Bàtà Kẹ́ Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Máṣíìnì Mi

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fún mi láyè kí n ro tẹnu mi, torí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri Ajah pé mo yájú sí àgbàlagbà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Irọ́ ni! Màá tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín wá dá ẹjọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé aṣọ sùtánà ni mo ń rán. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni mò ń lọ, àwọn ará ìjọ náà ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, láti Ajah títí dé Lakowe. Alùpùpù mi, ìyẹn máṣíìnì, ni mo fi ń gbé aṣọ lọ fún wọn, mo so àpótí ńlá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin ń gun máṣíìnì, kí ló burú ńbẹ̀? Wọ́n ti wò mí títí, ó ti sú wọn.

Ọ̀gá Sọ́jà ló ń bá mi tún un ṣe. Kì í ṣe sọ́jà o, ìnagijẹ lásán ni. Mẹkáníìkì ni, òun sì ni alága wọn ládùúgbò wa, ohun tó bá sọ ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé.

Nígbà tí mo ra máṣíìnì náà, mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì. Mo ṣe é torí mo ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa àwọn tó ń yọ ojúlówó, tí wọ́n ń fi àlòkù sí i. Lọ́jọ́ kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Sọ́jà pé kó bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí mo ṣe gbà á padà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tó ń mu epo ní ìmukúmu. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọjú wo kábúrétọ̀. Kò sí kútẹ́ẹ̀sì!

Mo padà lọ béèrè. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní epo ló fọ̀ ọ́ kúrò. Kútẹ́ẹ̀sì tó wà léèékánná mi, tí mo fi ń fọṣọ, tí mo fi ń fọ abọ́, kò kúrò, tara irin ni epo wá fọ̀! Inú bí mi débi pé mo sunkún lójú títì. Ohun tó tún dùn mí jù ni pé mo mọ̀ pé mo ṣì máa padà lọ bá a, torí ta ni mo tún fẹ́ gbé e lọ bá?

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí wáàsápù àwa tá a ní máṣíìnì. Háà, ẹ wá wo ẹjọ́! Kò sẹ́ni tí kò ní tiẹ̀ sọ. Ni mo bá ní ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan, kí oníkálukú kó irinṣẹ́ tó bá ní wá, ká wo fídíò lórí fóònù, ká tú máṣíìnì wa fúnra wa. Ṣé kì í ṣe èèyàn ló ṣe é ni?

Brọ̀dá Rásídì ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ni ní báǹkì, VGC, ẹ́sítéètì àwọn olówó, ló ń gbé, máṣíìnì ńlá tó ń dán bí abọ́ tuntun ló ní, ó sì ní odindi àpótí sípánà tí kò tíì rí girísì rí. Ilé rẹ̀ la fẹ́ lò, àmọ́ àwọn sẹkúríìtì ẹnu géètì ní gbogbo máṣíìnì yẹn ò lè wọlé. Mo bá tọ Bàbá Wòlíì lọ, olórí ìjọ wa, pé kí wọ́n fún wa ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n gbà. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sọ: bàtà ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu géètì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ilẹ̀ mímọ́ ni gbogbo àgbàlá, ẹsẹ̀ lásán la fi ń tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀gá báǹkì, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí. Nígbà tí mo sọ fún Brọ̀dá Rásídì, ẹ̀rín ló rín. Ó ní ṣé bàtà lòun fi ń wọ mọ́ṣáláṣí tẹ́lẹ̀ ni?

Àṣé ọ̀rọ̀ ti dé etí Ọ̀gá Sọ́jà. Ó ránṣẹ́ sí wa pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tú máṣíìnì lọ́jọ́ náà, kò sí mẹkáníìkì tó máa fọwọ́ kàn án mọ́ láti Ajah dé Lakowe. Àwọn kan yọ ara wọn kúrò nínú gúrúùpù kíákíá. Ẹ̀rù ba èmi náà, kí n má parọ́ fún yín. Máṣíìnì yẹn ni mo fi ń jẹun. Àmọ́ mo ti sọ ọ́, mi ò sì ní kó o jẹ.

Sátidé pé. Bàtà tò lọ rẹrẹ lẹ́nu géètì. Mo gbé àpò àkísà wá, àjákù aṣọ funfun tí mo gé kù ní ṣọ́ọ̀bù, ká lè máa fi nu ọwọ́. Brọ̀dá Rásídì ń gbẹ́sẹ̀ lórí iyanrìn bí adìyẹ tó tẹ omi! A fẹnu kò pé tèmi la máa kọ́kọ́ tú, torí èmi ni mo dá a sílẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́, àwọn tó kù á tú tiwọn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kábúrétọ̀ àlòkù yẹn tán ni Ọ̀gá Sọ́jà dé pẹ̀lú àwọn méjì nínú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàtà bíi ti sọ́jà gidi ló wọ̀. Ó fẹ́ wọlé, Bàbá Wòlíì sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Ó wo bàtà, ó wò wá, ó ní òun ò bọ́ nǹkan kan. Ló bá jókòó sórí máṣíìnì tiẹ̀ níta, ó kọjú sí wa, ó ń wòran.

A fi kábúrétọ̀ tuntun tí mo rà sí i, a dè é. Mo tẹ kíkì. Ó wúkọ́, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó wúkọ́, ó kú. Brọ̀dá Rásídì dá fídíò padà sẹ́yìn, a tún gbogbo rẹ̀ wò, a ò rí àṣìṣe kankan. Mo tẹ kíkì títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Àwọn kan ti rọra gbé sípánà sílẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ti lọ ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ọ̀gá Sọ́jà ń rẹ́rìn-ín. Ó pariwo látìta, kí gbogbo wa lè gbọ́: “Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Wá bẹ̀ mí níwájú gbogbo wọn, mo máa ṣe é.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi lè bẹ̀ ẹ́, ó ti parí nìyẹn, gbogbo wa la máa padà sábẹ́ rẹ̀. Mo dá a lóhùn: “Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó ń fi bàtà tún máṣíìnì ṣe níbí lónìí.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní àfojúdi nìyẹn o! Ṣé mo bú u? Ohun tí Bàbá Wòlíì sọ fún un náà ni mo sọ.

Kò bọ́ ọ. Òógùn sì bò mí lójú, mo na ọwọ́ kí n mú àkísà mi. Èyí tí mò ń lò láti àárọ̀ ni mo ń wá, etí rẹ̀ ní ríbọ́ọ̀nù búlúù, ara sùtánà àwọn kọ́ọ̀yà ni mo ti gé e. Mi ò rí i. Ẹ bi télọ̀ èyíkéyìí wò, a mọ ibi tí àjákù aṣọ wa wà. Mo bi gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mú un. Níbo ni mo fi sí?

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí. Nígbà tá a yọ kábúrétọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ iyanrìn, ni mo bá fi àkísà yẹn dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kí iyanrìn má bàa kó sínú rẹ̀. A dé e mọ́bẹ̀! Èmi kan náà ni mo fún un lọ́rùn!

Mo gba sípánà, mo tú u, mo fa àkísà náà jáde, ríbọ́ọ̀nù búlúù ló gbẹ̀yìn. Mo dè é padà. Mo tẹ kíkì lẹ́ẹ̀kan.

Ó dún! Kò wúkọ́ rárá. Brọ̀dá Rásídì gbàgbé pé ọ̀gá báǹkì lòun, ó ń jó nínú iyanrìn. Ẹni tó ti wọ bàtà tán tún bọ́ ọ, ó padà wọlé. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, kò sí máṣíìnì tá ò tú níbẹ̀.

Ọ̀gá Sọ́jà ti lọ kí tèmi tó tutù. Ó ní a máa rí i nígbà tó bá bàjẹ́ gidi. Ó ṣeé ṣe. Títí di òní, kò sí mẹkáníìkì wọn tó ń dá mi lóhùn, bíréèkì ẹ̀yìn mi ṣì ń dún, mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ mò ń kọ́ ọ. Oṣooṣù la ń pàdé báyìí, ẹsẹ̀ lásán. Àkísà yẹn sì wà lára dígí máṣíìnì mi, mo so ó mọ́bẹ̀, girísì rẹ̀ ò kúrò. Ẹnu ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sọ́jà ni mò ń gbà kọjá láràárọ̀, mi ò yà kúrò lọ́nà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé wọ́n lè mọ iṣẹ́ jù wá lọ, ìyẹn ò sọ pé kí wọ́n sọ wá di ẹrú wọn. Èmi náà ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ yẹn, ojú gbogbo ayé ni mo ti ṣe é, àmọ́ ọwọ́ mi ni mo fi tún un ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ní kẹ́ ẹ wá bẹ òun lórí nǹkan tó jẹ́ tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Tó bá sì jẹ́ máṣíìnì ni, ẹ gbé e máa bọ̀. Ẹ ṣáà ti bọ́ bàtà.