Ọ̀dà Dúdú Lórí Iyọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Des Trembath jẹ́, kó lọ wo abẹ́ kárávàànù rẹ̀. Èmi ti wò ó. Ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, mo dùbúlẹ̀ nínú eruku, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ń wo irin tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà jẹ́ nítorí agídí àti nítorí omi òjò.

Avis Polkinghorne ni mí. Páànù tí a fi ṣe ọgbà nìkan ló là mí àti Des láàrin ní Penrose Flat. Àgbẹ̀ ọkà ló pọ̀ jù níbí. Omi ẹ̀rọ wa níyọ̀ débi pé ènìyàn á mu tíì, á sì fajú ro. Nítorí náà, omi òjò tó bá ti orí òrùlé wọ táńkì, a kì í fi ṣeré. Ará ibí lè yá ọ ní ọkọ̀ rẹ̀, kó tún bu epo sí i fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní fún ọ ní garawa omi òjò kan. Ta ló fẹ́ bẹ̀ ẹ́?

Kárávàànù Des jẹ́ ilé kékeré onítáyà méjì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ọdún 1964 ni wọ́n kàn án. Òun àti Nance ìyàwó rẹ̀ rà á ní àlòkù, ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n sì fi ń fà á lọ sí Shelly Point létí òkun nígbà Àjíǹde, sí ààyè kẹrìnlá ní ibùdó àwọn oníkárávàànù, lábẹ́ igi kan náà. Èmi ni mo ni ààyè kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rọ̀ ààyè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ wa o. Bàbá ló ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Bí o bá pa Àjíǹde kan jẹ, wọ́n á mójú kúrò. Bí o bá pa méjì jẹ léra wọn, wọ́n á fún ẹni tó ti ń retí láti ọdún mẹ́wàá, ẹ̀bẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Nance kú ní oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá. Des kò lọ sí Shelly Point lọ́dún náà. Bí kò bá lọ lọ́dún yìí, ààyè kẹrìnlá ti lọ nìyẹn, igi tí Nance ń sá aṣọ ìwẹ̀ rẹ̀ sí yóò sì di ti ẹlòmíràn.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ló fà á jáde, ó fi jáàkì gbé e, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tó ń fi hámà kan irin. Irin tó bá dáa a máa dún. Ó kàn án, ó dún. Ó tún kàn án, ó dún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tó kú, bí ìgbà tí ènìyàn lu páálí. Ó wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn pọ̀ jù fún mi, ni mo bá yà síbẹ̀. Súkúdíráfà ló fi gún ọ̀kan nínú irin gígùn méjì tó gbé gbogbo ilé náà dúró, ó sì wọlé tán, ó ku èèkù rẹ̀ níta. Irin kejì náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ní gbogbo ọdún, bí wọ́n bá ti ti òkun dé, Nance á ní kó kọ́kọ́ fi omi táńkì ṣan iyọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Des á ní omi tíì kì í ṣe omi ẹsẹ̀ táyà. Á fi ìgbálẹ̀ gbọn yanrìn kúrò, á wá kun ọ̀dà dúdú tó ki lé gbogbo rẹ̀ lórí, á sì pe àwọn ọkùnrin àdúgbò wá wò ó, bó ṣe ń dán. Kò mọ̀ pé ṣe ló ń dé iyọ̀ mọ́nú. Iyọ̀ jókòó sábẹ́ ọ̀dà, ó ń jẹ irin jẹ́jẹ́ fún ogójì ọdún. Kí n má purọ́, ẹ̀yìn Des ni mo wà nígbà yẹn. Mo fi Nance ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ fi omi òjò wẹ kẹ̀kẹ́. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Merridy ọmọ Des pè é láti ìlú ńlá Perth pé kó tà á fún ẹni tó ń ra irin àlòkù, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Des ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó padà sábẹ́ kárávàànù. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ń kó ọkà pamọ́ sí, ó mọ bí a ṣe ń fi iná jó irin pọ̀ dáadáa. Ó ha ọ̀dà kúrò, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fá ìpẹtà títí ara rẹ̀ gbogbo fi pọ́n bí ẹni tó bọ́ sínú osùn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ṣíbí jẹ ẹ̀wà inú agolo, láì gbé e kaná. Ọkùnrin náà ń dá wà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá wà. Ó dùn mí. Èmi tí ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn ni.

Nígbà tó di pé kó jó irin tuntun mọ́ ọn, ó pè mí lórí ọgbà. Pákó ilẹ̀ kárávàànù ló wà lókè irin náà, iná lè ràn án, ó fẹ́ kí n dúró tì í pẹ̀lú omi.

Mo ní, "Omi wo? Tòjò ni àbí oníyọ̀?"

Ó ní, "Avis, máa fi mí ṣẹ̀sín lọ. Ṣá ti gbé garawa dání."

Ó ti tú pákó ilẹ̀ abẹ́ ibùsùn sílẹ̀. Yanrìn òkun ogójì ọdún ló wà níbẹ̀, àti píìnì irun Nance méje, gbogbo wọn ti dípẹtà. Ó ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Mo gbójú sápá ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ló jó irin ní ìwọ̀n ìka kan níhìn-ín, ó rìn lọ sí òdìkejì, ó jó ìwọ̀n ìka kan, nítorí bí ènìyàn bá jó o lọ gbọọrọ, ooru á tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, láti abẹ́ ibẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láì bọ́ ìbòjú rẹ̀.

"Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni."

Mo sún garawa mọ́ ọn.

Ọ̀dà tuntun kò tíì gbẹ tán nígbà tí a gbéra ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ẹtì Rere. Mo wa ọkọ̀ tẹ̀lé e, ojú mi kò kúrò lára táyà rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n ti ọ́fíìsì nígbà tí a dé. Kerrin, ọmọbìnrin tó ń mójú tó ibẹ̀, ṣí ìwé ńlá, ó rí ààyè kẹrìnlá, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ̀yin mélòó?"

Ìbéèrè ọdọọdún ni. Nance ló máa ń dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Àwa méjì àti híhanrun rẹ̀." Des gbé ọwọ́ lé tábìlì. Ó wo ìwé náà. Mo fẹ́ bá a dáhùn.

Ó ní, "Ẹnì kan."

Kerrin kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lábẹ́ igi rẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ Nance. Àwọn ènìyàn kàn ń gbé ẹja tí wọ́n ti ha ìpẹ́ rẹ̀ wá fún un nínú bébà, títí kò fi ríbi kó o sí mọ́. Bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀ níbí nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé la délé. Òjò kò tíì rọ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà, táńkì Des kò tó ìdajì. Kò kó ẹrù sílẹ̀. Ó fa rọ́bà láti ẹnu táńkì, ó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan abẹ́ kárávàànù láti orí dé ìdí. Mo dúró létí ọgbà. Omi ń ṣàn wọ ilẹ̀ pupa, mo ń wò ó, ó ń dùn mí dé egungun.

Mo pariwo pé, "Des, kí lo máa mu?"

"Èyí tó bá wà."

Ó ń ṣan án lọ títí rọ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòfo. Nígbà náà ni mo gbọ́ tó rọra sọ ọ́ lábẹ́ ibẹ̀, kì í ṣe fún mi: "Mo ti ṣan án, Nance."

Mo wọlé. Mo bu omi òjò garawa méjì nínú táńkì tèmi, mo gbé wọn yí ọgbà ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé wọn kalẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.