Rùkáyàt Lọ Wo Ilé ní Kùmásí

Bí kẹ̀kẹ́ bá dákẹ́ sójú títì ní Ọ̀fà, tí mẹkáníìkì sì ní béárìn ló kú, ọ̀dọ̀ Rùkáyàt ni yóò ní kí wọ́n lọ. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ọjà Ọwọ́dé. Ó kéré, ó kún dẹ́nu, epo dúdú sì ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀ tókè-tilẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta sípéà ọ̀kadà. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá dé, ó fi tirẹ̀ kún un. Bí oníbàárà bá béèrè béárìn, kì í kàn nà án sí i. Yóò kọ́kọ́ yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ara rẹ̀, yóò dijú, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ohùn náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, garawa tó wà lábẹ́ tábìlì ni béárìn náà ń lọ, ì báà jẹ́ pé páálí rẹ̀ ń dán bíi góòlù.

"Páálí ò lè tàn mí jẹ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "torí n kì í ka páálí."

Gánà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà ayé ìgbà náà, ń ṣòwò ní Kùmásí, ó ń ta aago ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti fìlà. Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí Sóńgò, àdúgbò tí àwọn àlejò máa ń gbé níbẹ̀, bí Sábó tiwa. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ilé náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi tà á, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ ní 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Rùkáyàt nígbà náà. Ohun tó rántí kò pọ̀: igi máńgòrò kan lẹ́yìnkùlé, òórùn ẹja yíyan, àti ìyá rẹ̀ tó jókòó lórí ẹrù nínú ọkọ̀, tí kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọ Ọ̀fà.

Ìyá náà dàgbà kó tó kú. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé sí i, ẹnu rẹ̀ padà sí Kùmásí. Yóò jókòó sí iwájú ilé ní Ọ̀fà, yóò máa pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ọdún 1965. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, tí àdúrà ogójì ọjọ́ sì kọjá, Rùkáyàt gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì dúró tì í.

"Bàbá Habeeb, mo fẹ́ ra ilé sí Kùmásí."

Alhaji Tàjùdéèn, ọkọ rẹ̀, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kì í kánjú sí ọ̀rọ̀. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ibi tí wọ́n ti lé yín lo tún fẹ́ lọ fowó ra?"

"Àwọn tó lé wa ti kú."

"Àwọn ọmọ wọn ń kọ́?"

"Àwọn ọmọ wọn ló ń ta ilé."

Alhaji wò ó títí, ó gbé ṣíbí rẹ̀. "Èmi ò ní bá ọ lọ o," ó wí, ó ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Asiata, ọmọ àbúrò bàbá Rùkáyàt, ni ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹbí wọn tó ń gbé Kùmásí. Ọkọ ló gbé e débẹ̀. Òun ló fi nọ́ńbà Jàmíù ránṣẹ́. Alágbàtà ilé ni Jàmíù, bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, fọ́tò kún fóònù Rùkáyàt: ilé oníyàrá mẹ́ta, ọ̀dà funfun gbòò, ilẹ̀ tó ń dán, igi máńgòrò níwájú. Nígbà tó rí igi máńgòrò yẹn, ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú.

"Mummy, tiyín ni títí ayé," Jàmíù sọ lórí fóònù. "Ẹ sáà tètè fi ìdajì owó ránṣẹ́. Ẹnì kan láti Lọ́ńdọ̀nù ti ń dà mí láàmú lórí ilé yìí."

"Jẹ́ kí ti Lọ́ńdọ̀nù rà á. Bó bá rà á, kì í ṣe tèmi tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Èmi ń bọ̀ wá wò ó."

"Ah, Mummy! Ṣé ẹ ò rí i nínú fídíò ni?"

"Jàmíù, béárìn tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ, n kì í fi fídíò rà á. Ilé wá ń kọ́?"

Jàmíù rẹ́rìn-ín. Ó ní kó kúkú dúró di oṣù Kejìlá, nígbà tí òjò bá ti lọ, tí ọ̀nà sì dára. Rùkáyàt ní kò burú. Ó pa fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́ fún oṣù Kẹfà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ra ilẹ̀ kan rí ní ọ̀nà Ìjàgbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò dé, ibi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe pálọ̀ ni àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti ń kọrin. Láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í tú àṣírí ilẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, ó ti ibẹ̀ wọ èyí tó ń lọ sí Gánà. Bọ́dà mẹ́ta ni wọ́n kọjá, orúnkún rẹ̀ sì ti wú kó tó dé Àkírà, kí a tó wá sọ ti Kùmásí. Nígbà tó dé ilé Asiata, tó sì ti sinmi, Asiata gbé fóònù.

"Àǹtí, ṣé ká pe Jàmíù pé ẹ ti dé?"

"Má pè é. Ó di ìgbà tí mo bá mọ ohun tí mo fẹ́ bi í."

Ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wá lọ. Asiata ti mọ ibi tó wà, kò kàn fẹ́ sọ bó ṣe rí ni. Ilé ìtajà alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì. Rùkáyàt dúró sí iwájú rẹ̀. Ó wá igi máńgòrò, kò rí i. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú, ó ní eruku ni. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí eruku kankan ní Kùmásí.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilé inú fọ́tò, Jàmíù ti fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò. Ilé náà dára, kí a má parọ́. Ṣùgbọ́n Rùkáyàt kò wo òkè. Ìsàlẹ̀ ògiri ló ń wò. Láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, ọ̀dà rẹ̀ funfun ju ti òkè lọ, yí gbogbo ilé ká. Ẹni tó bá ti ta irin pẹ́ mọ̀ pé ibi tí ọ̀dà bá ti tuntun jù ni ìpẹtà ń sá pamọ́ sí.

Obìnrin kan ń dín kóòsé ní òdìkejì títì. Àkàrà ni àwa ń pe kóòsé. Hàjíà Làmí ni orúkọ obìnrin náà. Rùkáyàt ra kóòsé, ó kí i, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì ó tún ra, ó sì jókòó jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí Asiata bá òun fi èdè Haúsá sọ ọ́ pé ilé iwájú yìí mà dára o.

Hàjíà Làmí rẹ́rìn-ín títí ṣíbí ìdínkàrà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dára," ó wí. "Àwọn ẹja pàápàá fẹ́ràn rẹ̀."

Kí wọ́n tó jẹun tán, ojú ọ̀run ti ṣú. Òjò náà kò ju wákàtí kan lọ. Wọ́n wà lábẹ́ páànù Hàjíà Làmí, wọ́n sì ń wo omi tó gba òkè wá, tó yà sábẹ́ géètì funfun náà bí onílé tó ti ọjà dé.

Ìgbà náà ni Rùkáyàt pe Jàmíù. Ó sáré dé, bàtà rẹ̀ kún fún omi. Nígbà tó rí ilé náà, ó káwọ́ lérí.

"Mummy, wọ̀láhì, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n mú mi wá wò ó."

Rùkáyàt wo ojú rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. "Kò burú. Ìwọ náà ń ka páálí ni."

Jàmíù pe ẹni tó ń ta ilé, lójú ẹsẹ̀ ni iye tó ń pè já sí ìdajì. Èyí dùn mọ́ Rùkáyàt nínú, kò sì fi pamọ́ nígbà tó ń sọ ìtàn náà fún wa. Ó ní òun tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí wọn yóò wa gọ́tà sí. Ẹni tó ń ta ilé náà ní òun ní lọ́yà tí yóò ṣe ìwé wéré. Ibẹ̀ ni ojú Rùkáyàt ti là. Ó ní òun yóò wá lọ́yà tòun. Asiata mú un lọ bá obìnrin kan tó bá ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ìwé ilẹ̀ rí, Madam Akosua, tó ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Lọ́yà náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán. "Ṣé ọmọ Gánà ni yín?"

"Ibí ni wọ́n bí mi."

"Ìwé wo lẹ ní?"

"Ti Nàìjíríà."

"Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè ta ilẹ̀ fún yín títí ayé ní ìlú yìí. Òfin wa kò gbà á. Ẹ lè gbà á fún iye ọdún kan, àádọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù."

Rùkáyàt ṣírò rẹ̀ lórí ìka, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bá di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́fà? Mo gbà!"

Nígbà tí wọ́n jáde, Jàmíù, tó ti bá wọn wá, rọra sún mọ́ ọn. "Mummy, ọ̀nà wà. Ẹ kọ orúkọ tèmi sí i. Ọmọ Gánà ni mí, tèmi lè jẹ́ títí ayé."

"O níyàwó?"

"Mo ní, àti ọmọ mẹ́ta."

"Bí nǹkan bá ṣe ọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣé ìyàwó rẹ á mọ̀ pé ilé mi ni?"

Jàmíù bẹ̀rẹ̀ sí í nu bàtà rẹ̀.

"Ìwọ gan-an, bí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé tí kò sí lọ́wọ́, ṣé o ò ní wo ilé yẹn lójú?"

Jàmíù ronú, ó sì sọ òótọ́. "Màá wò ó díẹ̀, Mummy."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ orúkọ sì parí síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, lọ́yà pè wọ́n. Ó ti lọ yẹ ìwé ilé náà wò ní ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn mẹ́ta ló ni ilé náà, ọmọ bàbá kan náà. Ọ̀kan péré ló ń tà á. Àwọn méjì yòókù ti gbé e lọ sí kóòtù láti ọdún tó kọjá. Rùkáyàt dúpẹ́, ó padà sílé Asiata. Ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Habeeb, mò ń bọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀."

Ohun tó ń retí ni "mo ti sọ fún ọ."

"Ṣé ilé kan ṣoṣo ló wà ní Kùmásí ni?" Alhaji bi í. "O ti lo orúnkún dé ibẹ̀. Jókòó, kí o wò ó dáadáa."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ dágbére fún Hàjíà Làmí. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fi ṣíbí nawọ́ sí òkè títì. Onílé rẹ̀, Bàbá Mùmúní, ń gbé orí òkè níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó wá bá wọn gbé ní Àkírà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò gba ilé tó ń gbé lórí òkè náà. Yàrá méjì pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Páànù rẹ̀ ti pọ́n, ògiri rẹ̀ ti là ní igun kan, ṣùgbọ́n gbogbo àléébù rẹ̀ ló wà níta gbangba. Rùkáyàt dúró de òjò mìíràn. Omi náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀, kò yà wọlé.

Jàmíù ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbi èyí, a ò ní fi dù ú. Àwọn ọmọ Bàbá Mùmúní jẹ́ mẹ́rin, Rùkáyàt sì ní òun kò ní tọwọ́ bọ ìwé bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀. Jàmíù lọ kó wọn wá láti Àkírà. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà, pé Rùkáyàt gba ilé náà fún ọgbọ̀n ọdún. Ó san díẹ̀, ó sì ní ìyókù di ìgbà tí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba jáde lórúkọ òun. Ó pa dà sí Ọ̀fà. Oṣù márùn-ún gbáko ni ìwé náà gbà. Bó bá ti pe lọ́yà, tí lọ́yà ní "kò tíì," yóò ní "mo ń gbọ́ yín," yóò padà sídìí ọjà rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé jáde ló san ìyókù owó.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Iléyá, Alhaji Tàjùdéèn ní òun yóò kàn sìn ín dé ibẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ní ọjọ́ tí wọ́n dé, Asiata gbé kẹ́ńkè pẹ̀lú ẹja àti ata wá. Alhaji tú ewé rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ̀kọ tó kan nìyí."

"Ẹ fi sílẹ̀, mo lè se ìrẹsì," ni Rùkáyàt wí.

Kò fi sílẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́rin, ó ń bi Asiata bóyá ó ku ọ̀kan.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé Bàbá Mùmúní kò lè gbé Àkírà. Ó ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í kí ènìyàn láàárọ̀. Ó padà wá gba yàrá kan sí ẹ̀yìn ìsọ̀ Hàjíà Làmí, ojoojúmọ́ ló sì ń gun òkè wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ àtijọ́. Rùkáyàt lọ ra àga kejì. Alhaji ń sọ Yorùbá, Bàbá Mùmúní ń fi Haúsá dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì ń bínú sí ìjọba pọ̀. Nígbà tí mo pe Rùkáyàt kẹ́yìn, mo bi í ìgbà tí wọn yóò padà sí Ọ̀fà. Ó ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ti wọlé, kí n bi Alhaji. Mo bi Alhaji. Ó ní òun ń bọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kẹ́ńkè dé ni.