Kúlà tí Mo Lọ Rà fún Kọ̀ǹpútà Ọmọ Mi

Ọdún tí sọ́ọ̀tì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lé wa lórí ní Pọtakọ́ọ̀tù ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọdún nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìlú yìí nígbà náà kò lè gbàgbé. Nǹkan dúdú kan ni, ó fúyẹ́ ju eérú lọ. Bí o bá sá aṣọ funfun lówùúrọ̀, kí o tó kó o, á ti dà bí aṣọ alágbẹ̀dẹ. Bí o bá ti ìka bọ imú, dúdú ni wàá fà á yọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọdé dà bí ìdí ìkòkò, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni wọ́n ti ń ṣeré.

Ọdún yẹn náà ni ọmọ mi obìnrin, ìkejì nínú àwọn mẹ́rin tí mo bí, ṣubú sí gọ́tà ní Abuloma, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ọkọ rẹ̀ wà lórí omi níbi iṣẹ́ epo, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó dé. Ni mo bá ti ìsọ̀ mi ní Oyigbo, mo di ẹrù, mo lọ tọ́jú rẹ̀. Bàtà ọmọdé ni mò ń tà, òkìríkà ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ ọmọ mi yìí ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ọ̀pá epo, ibi tí ọ̀pá máa gbà, ibi tó ti máa ṣẹ́rí, ibi tí wọ́n á ti jó o pọ̀. Ilé iṣẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ti ní kí òun àti àwọn kan máa lọ sílé, ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ mìíràn ní kí òun àti ẹni méjì kan ya àwòrán kan náà wá, ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni àwọn máa gbà. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé iná lọ o. Iná wà. Á jókòó, á gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n di lé orí àpótí ìjókòó, á máa yàwòrán lọ. Bí àwòrán bá ti ń pọ̀, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí han bí yànmùyánmú, lójijì á kú. Ohun tí kò tíì fi pamọ́ á bá a lọ. Ó ní ooru ni. Ó ní kọ̀ǹpútà ní ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pírósẹ́sọ̀, kò ju bísíkíìtì kan lọ, bó bá ń ronú púpọ̀ á gbóná, fáànù kékeré kan ló sì jókòó lé e lórí tó ń fẹ́ ẹ. Sọ́ọ̀tì ti dí fáànù yẹn pa. Ó ní kí n bá òun yọ ọ́ kí n gbọ̀n ọ́n. Mo ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ kẹ́, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ ike rẹ̀ ti ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Màámi, ẹ má dààmú, ó ti gbó tẹ́lẹ̀." Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń wí i.

Ó ní kò burú, irú fáànù yẹn ò lágbára tó mọ́, ká kúkú ra èyí tó jù ú lọ. Kúlà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti gbé ayédèrú ọjà wá fún un rí nígbà tó fi fóònù ra nǹkan, nítorí náà ó fẹ́ kí ojú kan rí ti lọ́tẹ̀ yìí kó tó sanwó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Ojú tó kù nílé, ojú tèmi ni.

Ó kọ orúkọ pírósẹ́sọ̀ náà sórí bébà kí n fi han ẹni tó ń tà á. Ó wá ku gíga. Ó ní àwọn kúlà mìíràn máa ń ga, bí wọ́n bá ga jù, ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà ò ní padé. Ó ní kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n láti orí pírósẹ́sọ̀ dé etí àpótí, kí n ka iye tó bá jẹ́ fún òun. Ó ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà náà, èmi wà ní pálọ̀ lórí eékún. Mo mọ nọ́ńbà bàtà, mo mọ̀ wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó wà láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì, ìyẹn ò yé mi. Mo wò wọ́n títí.

Ó pariwo láti yàrá. "Màámi, mélòó ni?"

Mo ní, "Fi mí sílẹ̀, jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n bí mo ṣe ń wọn nǹkan."

Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Bá a ṣe ń ṣe é nídìí bàtà nìyẹn. Ìyá ọmọ kì í gbé ọmọ wá sọ́jà, á fi ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ ọmọ nílé, á ṣẹ́ ẹ, á mú un wá, èmi á tẹ́ ẹ sínú bàtà wò. Mo gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ lé orí pírósẹ́sọ̀, mo ṣẹ́ ẹ, mo mú un lọ fún un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbójú sókè wò mí.

"Ó dáa, Màámi," ló wí.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sáàárín ìlú níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà. Mo fi ìgbálẹ̀ àti bébà sínú pọ́ọ̀sì, mo fún pọ́ọ̀sì mọ́ abẹ́ apá. Gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ bá ti bọ́ sí kòtò ni mò ń ṣí i wò bóyá ìgbálẹ̀ ti ṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: èmi ni mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ fáànù, bí ọmọ yìí bá pàdánù iṣẹ́ yìí, ọwọ́ mi ló ti bọ́.

Ọkùnrin apárí kan, ọmọ Ìgbò, ló ni ìsọ̀ tí mo wọ̀.

"Mama, welcome. Wetin you dey find?"

"Kúlà," mo ní. "The one for inside kọ̀ǹpútà. No be for mineral o."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Mama sabi!" Ó ka bébà mi, ó gbé mẹ́ta kalẹ̀, ó ní gbogbo wọn ló bá pírósẹ́sọ̀ náà mu.

Èkíní ní ọ̀pá rọ́bà méjì lára, ó ní omi ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Mo sún sẹ́yìn. Omi àti iná nínú àpótí kan! Mo ní bó bá jò ńkọ́? Ó ní, "E no go leak." Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni káfíńtà tó kan òrùlé mi wí. Ó gbé e kúrò.

Èkejì kúrú, ó rí bẹ̀m̀bẹ̀, kò ga ju agolo mílíìkì lọ. Ẹ̀kẹta ló fa ojú mi. Ó ga, irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló tò léra bí ojú ewé ìwé, ọ̀pá bàbà gba àárín wọn kọjá, fáànù ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wúwo lọ́wọ́. Mo yọ ìgbálẹ̀ mi, mo gbé e tì í. Ìgbálẹ̀ fi díẹ̀ jù ú lọ. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé.

Ọkùnrin náà gba ìgbálẹ̀, ó fi họ orí apárí rẹ̀. "Mama, who measure this thing?"

"Na me."

Ó ní irú àpótí tí wọ́n máa ń ta pẹ̀lú pírósẹ́sọ̀ yìí, òun ò rò pé inú rẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n mú èyí kúkúrú, á ṣe é. Ó ń tì í sí mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù tún ti dé. Ọlọ́jà lèmi náà. Mo mọ bí mo ṣe máa ń yin bàtà tó ti pẹ́ jù lórí àtẹ, mo sì rí i pé páálí tí kúlà kúkúrú yẹn wà nínú rẹ̀ ti ya létí. Ohun tó ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ náà, kékeré ni. Bí mo bá ra kékeré lé kékeré, tí kọ̀ǹpútà tún wá kú ní Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?

Mo pe ọmọ mi. Kò wọlé. Mo tún pè, ohùn rẹ̀ ń já: "Màámi... gíga... ṣé ẹ..." Ó gé. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi.

"Mama, which one?"

"Give me the tall one."

"If you don rub the cream, I no dey collect am back o."

"E go enter. Thirty years I don dey measure leg."

"Leg?" ló wí.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi jókòó, ó ń júwe, èmi ni ọwọ́. Ó ní kí n fi sípíríìtì nu ìpara àtijọ́ tó ń gba ooru kúrò lórí pírósẹ́sọ̀, kí n fi tuntun tó bá kúlà wá sí i, kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ó ní kí n yí ìṣó tibí díẹ̀, kí n yí ti ọ̀kánkán rẹ̀ díẹ̀, kó má baà wọ́. Mo dúró, mo nu òógùn, mo tún bẹ̀rẹ̀. A tan án. Kò han mọ́, atẹ́gùn lásán la ń gbọ́. Ó ṣí ibi tí àwòrán ti pọ̀ jù, ó ń yí i kiri, kọ̀ǹpútà ò kú.

"Màámi, ó tutù!"

Mo jó díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìlẹ̀kùn àpótí kí n dé e. Kò dé. Orí àwọn ọ̀pá bàbà yọ síta. Mo tì í.

"Màámi, ẹ má tì í! Ẹ máa fọ́ gbogbo ẹ̀!"

Mo dúró ti èmi ti ìlẹ̀kùn lọ́wọ́. Mo ti ìka bọ ibi tó ṣí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìka kan. Ìgbà náà ló yé mi. Bí ìyá kan bá mú ìgbálẹ̀ tó ṣe déédéé wá sí ìsọ̀ mi, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé kó fi ìka kan lé e, nítorí ọmọ á dàgbà kí Kérésì tó dé. Ọwọ́ mi ti fi ìka kan lé e láìsọ fún mi. Kọ̀ǹpútà kì í dàgbà.

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dúró lójijì. Ó ń wo fèrèsé. Sọ́ọ̀tì wà lára nẹ́ẹ̀tì bí irun. Àpótí tí kò ní ìlẹ̀kùn, ọjọ́ mélòó ni sọ́ọ̀tì yẹn máa fi kún inú rẹ̀?

Ó ní a ò lè tú u mọ́, ọkùnrin yẹn ò ní gbà á, àkókò ò sì sí. Mo ti gbogbo fèrèsé. Mo rẹ bẹ́ẹ̀díṣíìtì sínú omi, mo ta á sí ojú wọn, omi tí mo ń fún lára rẹ̀ dúdú bí omi aró. Mo gé àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi kan tó fẹ́lẹ́, mo fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ há a mọ́ ojú àpótí. Mo gbé àga kékeré tì í, mo ń gbọ́ mímí rẹ̀. Bí fáànù bá yí ohùn padà pẹ́nrẹ́n, ọkàn mi á fò. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí han. Ọmọ mi gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́. Mo já àwọ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, ó ti dí pátápátá, mo fi òmíràn sí i. Àdúrà mi kò gùn: Ọlọ́run, má jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi ló máa ba iṣẹ́ ọmọ yìí jẹ́. Ohùn fáànù rọra wálẹ̀.

Ó fi àwòrán ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ márùn-ún gbáko la fi dúró, mi ò jẹun yó. Mo ń fọ bẹ́ẹ̀díṣíìtì lọ́wọ́ nígbà tó kígbe. Wọ́n ti gbà á. Wọ́n ní kó máa ṣe é láti ilé títí ẹsẹ̀ á fi jinná. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bálùwẹ̀, nínú omi.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó wo àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó wà lára kọ̀ǹpútà, ó wo èmi, kò rẹ́rìn-ín níwájú mi. Ìgbà tó dé kíṣìnì ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó fi ayùn irin gé ojú kan sára ìlẹ̀kùn náà fún orí àwọn ọ̀pá, ìlẹ̀kùn sì padé.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó pé jọ sọ́dọ̀ mi ní Oyigbo. Ìkejì wọn yìí ń sọ ìtàn náà, gbogbo wọn ń fi ẹ̀rín yí gbirigbiri. Ibẹ̀ ló ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Mo kúkú ti rí i pé ìgbálẹ̀ yẹn gùn jù."

Mo ní, "O rí i?"

"Màámi, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ìgbálẹ̀ ra gbogbo bàtà tí mo wọ̀ títí mo fi jáde ilé ìwé?"

Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé kò sí ẹni tí kò ní irú ẹ̀ tó ti gbé mì nítorí mi.

Mo ní kí wọ́n gbọ́. Mo ní, "Téèpù yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n kà, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ìwọ náà rí i pé mo ṣì í, o ò fẹ́ sọ ọ́. Àwa méjèèjì bu ọlá fún ara wa, iṣẹ́ rẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Láti òní lọ, ẹni tó bá rí i pé mo fẹ́ ṣe àṣìṣe, kó wí i lójú mi, kí n tó jáde nílé. N ó bínú. Ẹ jẹ́ kí n bínú."