Ahọ́n Bàbá Ẹlẹ́rọ

Bàbá Ẹlẹ́rọ fi ìka gba ògì tó ń ṣàn jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi kan ahọ́n, ó sì dijú. Gbogbo àwa tí a tò síwájú ilé ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń dún, èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń gba abẹ́ páànù jáde, òórùn àgbàdo tí wọ́n ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta ń ta sí wa nímú. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé garawa rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ kí Bàbá tó lajú. Bó bá ti lajú, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ láràárọ̀: "Ó ti mọ́." Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó pẹ́ kó tó lajú. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn àwọn ìyá, mo fi ewé kókò bo abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi.

Abúlé wa wà ní àfonífojì kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ̀. Àpáta ló yí i ká, odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá, oko kòkó, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló sì ń bọ́ wa. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára Oǹdó nígbà náà. Àwọn àgbà a máa gbé rédíò sétí, wọn a ní iná ń bọ̀, ọ̀dà ń bọ̀, ọsibítù ń bọ̀. Kí gbogbo wọn tó dé, ohun tí a ní ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ìyá kan tó ń ta oògùn nínú àpótí onígíláàsì, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́, àti ẹ̀rọ Bàbá. Bí ẹ̀rọ náà kò bá dún láàárọ̀, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó kú.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni Bàbá ní. Kò rí bíi ti àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ata ti wà lọ́tọ̀, tí ti ògì náà wà lọ́tọ̀. Nítorí náà ló ṣe fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: ÒGÌ. Ẹ̀WÀ. ATA. Bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà, ìyàwó pásítọ̀ pàápàá kò lè yí i. Bàbá ní àárọ̀ jẹ́ ti àwọn tí kò léyín lẹ́nu, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó. Bí wọ́n bá lọ ata tán nírọ̀lẹ́, á tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, á fi omi àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tirẹ̀ sí i láti fi ṣan án. Òun nìkan ló máa ń tọ́ èyí wò, adìẹ rẹ̀ a sì jẹ ìyókù.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún náà. Màmá mi gba àwọn tó máa ro oko kòkó, ó sì fẹ́ tètè se ọbẹ̀ wọn. Ó di ata fún mi, ó ní kí n lọ jókòó de ìgbà tó bá kàn mí. Èmi kò sì fẹ́ jókòó de ẹnikẹ́ni, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ mú ẹni tí yóò gbé àsíá ilé-ìwé wa níbi tí a ti máa yan ní Ìsẹ̀. Mo ti ń fi igi ìgbálẹ̀ yan kiri àgbàlá láti ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀rọ, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Bàbá ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó lè gbóná, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi tí wọ́n fi ń mú un tutù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo da ata mi sínú ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ rárá. Ata náà jáde kúnná, mo bu omi sí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta títí omi tó ń jáde fi mọ́ gaara lójú mi. Bí mo ṣe ń bo abọ́ ni mo gbọ́ ohùn àwọn ìyá tó ń bọ̀, Bàbá náà sì ń gòkè bọ̀ láti odò pẹ̀lú garawa méjì. Mo dúró sẹ́yìn wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìgbà tó fi ìka kan ahọ́n nìyẹn. Nígbà tó sì sọ pé ó ti mọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi, mo yọ́ kúrò níbẹ̀, mo gbé ata fún Màmá mi, mo sáré lọ sí ilé-ìwé. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú láti gbé àsíá.

Ìyá àgbà kan ni ògì rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kú lọ́jọ́ tó bímọ, ọmọ oṣù márùn-ún tó fi sílẹ̀ ni ìyá àgbà yìí ń fi ògì tọ́. Gbogbo abúlé ló máa ń yà fún un kó bọ́ síwájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, kò gbé garawa wá, abọ́ ògì ló mú dání. Kò pariwo. Ó ní bí òun ṣe fún ọmọ ní ẹ̀kọ ló figbe ta, ètè rẹ̀ wú, láti ìgbà náà kò sì gba nǹkan kan sẹ́nu mọ́. Ó ní òun fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó bóyá ó gbóná, òun kò tọ́ ọ wò nítorí Bàbá ti tọ́ ọ wò.

Bàbá gba abọ́ náà, ó tọ́ ọ wò lójú gbogbo wa. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó tún tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún obìnrin tó wà nítòsí rẹ̀, obìnrin yẹn sì tu ú jáde kíá. Bàbá wá jókòó sórí àpótí. Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ÒGÌ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀wà àti ata nìkan ni òun á máa lọ̀ láti òní, kí wọ́n má bínú.

Ohun tí mo ṣe sí abúlé wa ni mo wá ń fojú rí. Àwọn kan ń ru àgbàdo lọ sí Ìsẹ̀ lẹ́sẹ̀. Màmá mi gbé ọlọ jáde, ó ń fi ọwọ́ lọ ògì àbúrò mi, òógùn ń kán sílẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì ń kédàárò Bàbá pé àgbà ti dé sí i. Mo ń mu nínú ògì náà. Ní ọjọ́ kẹta, a gbọ́ pé ọmọ-ọmọ ìyá àgbà ti gba omi mu, ó ti mu ẹ̀kọ díẹ̀. Ìdùnnú náà ló jẹ́ kí n lè sunkún, ẹkún yẹn ni mo sì sun dé ilé ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé-ìwé.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún Bàbá pé èmi ni mo lọ ata nígbà tó lọ pọn omi.

"Mo tú ẹ̀rọ palẹ̀, mo fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kóró ata kan kò kù nínú rẹ̀," ló sọ. "Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló ṣe é."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún àwọn èèyàn.

"Nítorí pé ẹni tó lọ ata kọ́ ló sọ pé ó ti mọ́. Èmi ni mo sọ ọ́." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Láti ìgbà ọyẹ́ tí ọ̀fìnkìn dá mi wó, n kò mọ adùn iyọ̀ mọ́, n kò gbóòórùn mọ́. Mò ń dijú láràárọ̀, mò ń sọ ohun tí n kò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó ní mi ò wúlò mọ́."

Mi ò rí àgbàlagbà tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé rí. Ó ní kí n yọ ahọ́n. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ irin ẹ̀rọ wò, ó ní kí n tètè dé lọ́la, kí n má jẹ ata, kí n má sì tíì run orín kíkorò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde, jẹ́ ká re ulé ìyá náà." Ulé ni òun máa ń pe ilé. Níbẹ̀ ló ti sọ tirẹ̀ ṣáájú kó tó ní kí n sọ tèmi. Ìyá àgbà kò bú wa. Ó tú ọmọ náà kúrò lẹ́yìn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e dáadáa.

Èmi ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ÒGÌ padà sára ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà títí mo fi lọ sí ilé-ìwé gíga ní Ìkẹ́rẹ́, èmi ni mò ń tọ́ ẹ̀rọ wò. Àwọn àárọ̀ àkọ́kọ́, àwọn ìyá kan ń wò mí tìfura-tìfura, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Bàbá á dúró tì mí, á bi mí, "Ṣé ó mọ́?" Ìgbà mìíràn wà tí mo ní kò tíì mọ́. Á pa ẹ́ńjìnnì, á tún gbogbo rẹ̀ tú palẹ̀, kò ráhùn rí.

Ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n ní àárẹ̀ ti gbé e dè. Mo bá a lórí ẹní, ó ti rù, eyín kan kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo po ẹ̀kọ fún un, mo gbé e lọ bá a. Ó di ọwọ́ mi mú kí ṣíbí tó kan ètè rẹ̀.

"Ṣé ó mọ́?"

Mo tọ́ ọ wò. Mo ní, "Ó ti mọ́, Bàbá." Ìgbà yẹn ló tó la ẹnu.

Oògùn ni mò ń pò fún aláìsàn báyìí. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ní mo ti falẹ̀ jù, pé mo ń ka ara ìgò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí èrò bá tilẹ̀ tò dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà mìíràn tó bá rẹ̀ mí, èmi náà máa ń fẹ́ dijú kí n kàn sọ pé ó ti dáa. Bàbá á dìde níwájú mi, ọkùnrin tí kò lè tọ́ nǹkan kan wò mọ́, tó la ẹnu nítorí pé mo ní ó mọ́. Mo máa ń gbé ìgò náà padà, mo tún un kà.