Abọ́ Ni Kí Ẹ Kà

Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì kejì mi lọ́dún yẹn, nínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún ọgbọ̀n. Fèrèsé mẹ́rin ló wà níbẹ̀, méjì ló ṣeé ṣí. Bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, ohùn mi á ti há, ẹ̀yìn mi á ti máa ro mí. Yàrá kan ni a ń gbé ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn lọ sí ilé ìwé, ẹsẹ̀ náà ni mo fi ń padà. Bí mo bá délé, àga tí mo bá kọ́kọ́ rí ni mo máa ń jókòó lé, bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì léjìká, n ó máa wo ògiri. Ọkọ mi ti mọ̀ mí, kì í bá mi sọ̀rọ̀ títí n ó fi bọ́ bàtà. Wọ́n ní ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Ó jọ pé ọ̀run ni àga rẹ̀ náà wà.

Ọdún náà ni wọ́n pè wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n lọ aṣọ rẹ̀ títí tó fi le gbagidi ló dúró níwájú wa. Ó ní ìṣirò kì í ṣe ohun tí a ń kígbe rẹ̀ fún gbogbo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí a pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí ẹgbẹ́ kan máa fi nǹkan kà, kí òmíràn máa kọ ọ́ sórí síléètì, kí tíṣà jókòó ti ẹgbẹ́ kan lórí ẹní, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ipò bí a bá ti pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó wù mí kí n bi í bóyá ó ti rí àádọ́ta ọmọ ọdún méje rí tí wọ́n ń pààrọ̀ ipò lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pín ìrẹsì, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Mo ṣáà ṣe é. Mo ṣa ìdérí ìgò mínírà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn. Mo tú ìgbálẹ̀ méjì, mo dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo ra ẹní kan, mo sì tọrọ àwọn abọ́ ike kéékèèké tí wọ́n fi ń ta ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá kan tó ti ṣíwọ́ òwò, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni mo pín wọn sí, mo sì sọ wọ́n lórúkọ ohun tó ń hù nílẹ̀ wa: Kókó, Àgbàdo, Ọsàn, Iṣu, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí bàbá kan fi dé, ó ní kí ni ọmọ òun ṣe tó fi di Ẹ̀gẹ́ nígbà tí ọmọ aládùúgbò òun ń jẹ́ Kókó. Mo sọ Ẹ̀gẹ́ di Obì. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà kí ètò náà tó wọ̀ wọ́n lára. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti jókòó, olórí wọn á kọ́kọ́ ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, á máa fọwọ́ kàn wọ́n lórí: ení, èjì, ẹ̀ta. Á wá sọ iye wọn fún mi, n ó sì fún un ní ìdérí ìgò, méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fi kíka orí yìí kún ètò náà, kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí. Ìdérí mi ló ń sọnù, ìyẹn ni mo fi ṣe é. Ojoojúmọ́ ni a sì ń yí olórí padà, kí ó lè kan gbogbo wọn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ Kókó. Ìpèrìndó, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni òun àti ìyá àgbà rẹ̀ ti wá ní àárín sáà, wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọkùnrin ìyá náà ní àdúgbò wa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga ju àwọn yòókù lọ, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Òun ló máa ń bu omi fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló máa ń bá wọn so okùn bàtà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá kàn án láti jẹ́ olórí, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Á dúró láàárín wọn, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa wo ilẹ̀.

“Kà wọ́n,” n ó wí.

Kò ní kà wọ́n.

“Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?”

Kò ní dáhùn.

Mo jágbe mọ́ ọn, n kò ní purọ́, mo sì jágbe mọ́ ọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọjọ́ kan wà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí mo fi ìka rẹ̀ kan orí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tipátipá. “Ení! Wí i!” Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo. Lẹ́yìn mi, àwọn ẹgbẹ́ Ọsàn ti ń fi ìgbálẹ̀ gún ara wọn. Mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú omijé rẹ̀, mo sáré lọ là wọ́n.

Nígbà tí sáà kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kó parí, ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò mọ òǹkà. Ìyá tó mọṣẹ́ ni ọ̀gá wa, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó ní òun fúnra òun á dán wọn wò lọ́jọ́ Ajé, ẹni tí kò bá yege á padà sí kíláàsì kìíní. Ó ti wá wo ètò mi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ìbéèrè tèmi ló fi ṣe ìbéèrè kìíní nínú ìwé ìdánwò náà: Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ẹgbẹ́ yín? Orí ìyẹn ni àwọn ìbéèrè yòókù dúró lé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì mo pe ọmọ náà, mo bi í ní ìbéèrè kìíní. Ó wo ilẹ̀. N kò bi í ní ìkejì. Ó ti rẹ̀ mí, ẹsẹ̀ mi ti wú, ìwé ogójì ọmọ ṣì wà níwájú mi tí n kò tíì yẹ̀ wò. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò mọ òǹkà. Mo mọ̀ pé bí ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀ bá lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, ojú á tì í débi pé ó lè má wá sí ilé ìwé mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́.

Tíṣà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé ọmọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ́ ara mi lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà jókòó síwájú ilé, ó ń bó ọsàn tó fẹ́ tà. Ọmọ náà ń to èyí tó ti bó sórí àtẹ, márùn-ún márùn-ún. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì sá wọlé. Mo jókòó lórí àpótí tí ìyá náà tì sí mi.

“Òkìtì mélòó ló wà níbí?” ìyá náà kígbe sínú ilé, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀.

“Mẹ́jọ, ó lé mẹ́ta,” ọmọ náà dáhùn láti inú ilé.

“Ọsàn mélòó nìyẹn?”

“Mẹ́tàlélógójì.”

Kò tilẹ̀ dánu dúró. Mo ka ọsàn náà lórí àtẹ, mo tún un kà. Mẹ́tàlélógójì ni.

Mo ṣàlàyé fún ìyá náà tìtìjú-tìtìjú. Mo sọ nípa ẹgbẹ́, nípa olórí, nípa bí ọmọ rẹ̀ kì í ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ohun tí mo ti kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ka àwọn ọmọ?” ó ní. “Tíṣà, o ní kó máa ka ọmọ ọlọ́mọ? Níbo ni ulé rẹ?”

“Ifẹ̀wàrà ni, Màámi.”

“Ifẹ̀wàrà! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹ́, o wá ń ka ọmọ bí ẹni ń ka ọsàn! Ulé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bí wọn gan-an kì í kà wọ́n.”

Ọmọ náà ti yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. Mo pè é, ó wá, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe.

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?” mo bi í.

“Ẹ ń bínú, Àǹtí.” Ó wo ìyá àgbà rẹ̀, ó tún wò mí. “Tí mo bá kà wọ́n, wọ́n lè dín. Mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan dín nínú wọn.”

Ojú tì mí gan-an. Ọmọ ọdún méje ń dáàbò bo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, èmi sì ń di ọwọ́ rẹ̀ mú pé kó fi kàn wọ́n lórí.

Nígbà tí mo ń padà lọ, ìyá tó bí mi ni mo ń rò. Kò kà wá rí, bí a ṣe pọ̀ tó nínú ilé yẹn. Bí oúnjẹ bá jinná, abọ́ ló máa ń béèrè. “Abọ́ mélòó ló wà nílẹ̀?” Bí abọ́ bá pé, ó ti mọ̀ pé a pé. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí. Iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Òṣogbo, ó sì jọ pé nínú gbogbo àárẹ̀ yìí, mo gbàgbé ẹrù kan sílé. Ẹ ó rí i pé mo ti kọ iye àwọn ọmọ kíláàsì mi síbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kó abọ́ ike dání, mo tẹ̀ lé ọmọ náà wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá kò wò mí. Ó ṣí ìwé náà.

“Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ẹgbẹ́ yín?”

Ọmọ náà wo ilẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “ẹ bi í ní iye abọ́ tí ẹgbẹ́ wọn ń lò.”

“Ohun tó wà nínú ìwé ni mo bi í. Ṣé kì í ṣe ìbéèrè yín ni?”

“Tèmi ni, mà. Mo ṣe é láìronú ni.”

“Tó bá mọ̀ ọ́n, kó dáhùn. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n pe ẹlòmíràn.” Ó ti mú bírò láti fi àmì síwájú orúkọ náà.

Ẹ̀rù ọ̀gá ń bà mí, ó ti ń bà mí fún ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹ̀rù.

“Ọ̀gá,” mo ní, “ẹ má bínú o. Ọmọ mélòó ni ẹ̀yin bí?”

“Àlùhámúdùlílàhì, wọ́n wà,” ó dáhùn kíá, bí ẹni tí wọ́n kí ní ‘ẹ kú iṣẹ́’.

Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Bí èmi náà ṣe máa ń dáhùn nìyẹn, lọ́jọ́ gbogbo, fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Ó gbé bírò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì yí sí ọmọ náà.

“Ó dáa. To abọ́ ẹgbẹ́ yín fún mi.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń to abọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni ń pe orúkọ. “Méje ni, mà.”

“Bí ìdérí méjì bá wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan ńkọ́?”

“Mẹ́rìnlá.”

Ọ̀gá bi í títí ìwé fi tán. Ó wá fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀, ó sì fa òmíràn gba orí ìbéèrè kìíní. “Ẹ bá mi tún un kọ, Àǹtí,” ó ní. “Kí ẹ tó pe àwọn tó kù.”

Láti ọjọ́ náà, abọ́ ni a ń kà ní kíláàsì mi. Kò sọ iṣẹ́ di kékeré. Ìdérí ṣì ń sọnù, fèrèsé méjì yẹn kò tíì ṣeé ṣí, ohùn mi kì í sì í pé ọ̀sán kó tó há.

Nígbà tó tún kan ọmọ náà láti jẹ́ olórí, mo dúró tì wọ́n, mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ó pín abọ́ káàkiri ẹní, ìkan síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Ó wá lọ mú ìkan sí i, ó gbé e sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Abọ́ mẹ́jọ, Àǹtí,” ó ní.

Mo ti la ẹnu láti sọ pé ó ti ṣì í. Mo pa á dé.

“Ta ló ni ìkẹjọ?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ kì í jókòó.”

Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó sórí ẹní.